Gbèsè Ìbòji

Nígbà tí ọyẹ́ ń fẹ́, ọ̀kẹ́ kan náírà
gbé wa láti Kérésì dé ìparí oṣù Ṣẹ́rẹ́.
Nígbà tí Ẹrẹ́nà dé, ọ̀kẹ́ kan náà
kò fojú kan ọjọ́ kẹsàn-án.

Ogún nọ́ńbà ni mo tẹ̀ sínú mítà,
nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan, ẹgbẹ̀rún náírà kan,
mo ń fi ìka kan tẹ̀ ẹ́ bí ẹni tó ń ṣa ẹ̀wà.
Mítà ní fíìn.
Iná pupa rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́jú,
kíá-kíá-kíá, bí ojú ẹni tó ń purọ́.

Mo ní, ta ló ń jí iná mi?
Mo fura sí Ṣódípọ̀, ayálégbé yàrá ẹ̀yìn,
tó máa ń gbé áyọ́ọ̀nù kaná ní kùtùkùtù.
Mo pa gbogbo ohun tó ń lo iná nínú ilé mi,
mo dúró ti mítà nínú òkùnkùn,
mo ń ṣọ́ ọ bí ológbò ti ń ṣọ́ ihò eku.
Ó dákẹ́ jẹ́ẹ́. Kò sólè.
Ṣódípọ̀ ń kọjá lọ, ó ní, “Ẹ kú ìdúró o, Bàbá.”
Mo ní mò ń gba atẹ́gùn ni.
Atẹ́gùn wo?

Múkáílà tó ń tún amúlétutù ṣe wá láti Pánṣẹ́kẹ́.
Ó gun àkàbà, ó yọ asẹ́ jáde:
eruku ọyẹ́ ti dì mọ́ ọn bí irun àgùntàn,
ẹyin ọmọńlé mẹ́ta wà ní kọ̀rọ̀ rẹ̀, ọ̀kan ti fọ́.
“Bàbá, ẹ fi aṣọ dí i nímú,
ẹ wá ní kó máa sáré.”
Ó fọ̀ ọ́, ó gba ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ.
Ó fi ọjọ́ méjì kún un fún wa. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Lálẹ́ ọjọ́ kan tí wọ́n mú iná lọ,
mo jáde, mo fẹ̀yìn ti ògiri ìwọ̀-oòrùn.
Aago mẹ́wàá ti kọjá. Ògiri ń jó mi lẹ́yìn.
Mo fọwọ́ kan àpáta ẹ̀yìnkùlé,
àpáta Ìtòkò tí ìyá bàbá mi máa ń sá láfún lé,
ó gbóná bí iwájú orí ọmọ tí ibà ń ṣe.
Ó ti ń mu oòrùn láti àárọ̀,
ó wá ń bì í sínú yàrá wa.
Ṣùgbọ́n ṣé èṣín ni àpáta dé ibẹ̀ ni?

Ẹsẹ̀ mi ló kọ́kọ́ rántí:
ó kọ lu kùkùté.

Igi máńgòrò. Èmi ni mo pe àwọn agégi lóṣù Bélú.
Mo ní ewé rẹ̀ ń dí gọ́tà,
mo ní àwọn ọmọ ń sọ òkò sí i, òkò ń bọ́ sórí páànù.
Moróunmúbọ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà, ìdí aṣọ rẹ̀ lọ́wọ́,
ó ní, “Ẹ fi ẹ̀ka ìwọ̀-oòrùn sílẹ̀.”
Mo ní, kí ni igi ń ṣe fún wa?
Ogójì ìṣẹ́jú ni wọ́n fi gé e.
Mo sanwó fún wọn, mo tún fún wọn lómi tútù.

Òṣìṣẹ́ tí kò béèrè owó oṣù rí,
tó ń fi orí ara rẹ̀ gba ọ̀sán gangan
kó má baà dé ara ògiri;
mo lé e lọ, mo gba ẹlòmíràn
tó ń gbowó ní wákàtí-wákàtí.

Moróunmúbọ̀ kò sọ pé òun ti wí.
Ó kàn sún korobá tó ń gba omi amúlétutù,
ní alaalẹ́, ó ń dà á sídìí kùkùté.
Ewé mẹ́rin ti yọ, wọ́n pọ́n bí ètè ìkókó.
N kò tíì lè jókòó sábẹ́ ewé mẹ́rin.

Lónìí, mo tún ra ọ̀kẹ́ kan.
Ó di fóònù mú, ó ń pe nọ́ńbà, mo ń tẹ̀ ẹ́.
Nígbà tó dé ìkẹrìnlá, ó dúró,
ó wo ojú fèrèsé.
Mo ní, “Èwo ló kàn?”